Iṣẹ́ Ẹrú, Jíjẹ́ Ọmọ

Òpópónà kan wà ní Erékùṣù Victoria ní ìlú Èkó tí ó jẹ́ orúkọ mẹ́ta láàárín ọdún díẹ̀. Eleke Crescent ni à ń pè é nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà wà, ibẹ̀ sì ni àwọn tí ń wá físà máa ń tò sí kí àkùkọ tó kọ. Ní nǹkan bí ìparí ọdún 1997 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1998, àwọn aláṣẹ ìlú New York fi orúkọ Kudirat Abíọ́lá sọ ìkóríta kan ní ẹ̀bá ilé tí Nàìjíríà ń lò níbẹ̀. Ìyàwó Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ni Kudirat. Ọjọ́ 4, oṣù kẹfà, ọdún 1996 ni wọ́n yìnbọn pa á nínú ọkọ̀ rẹ̀ ní Èkó. Ìjọba Ọ̀gágun Sani Abacha kò lè mú ọ̀rọ̀ náà mọ́ra. Wọ́n pa orúkọ Eleke rẹ́, wọ́n sì fi orúkọ Louis Farrakhan, aṣáájú ẹgbẹ́ Nation of Islam, sọ òpópónà tí ó wà níwájú àwọn ará Amẹ́ríkà, nítorí pé Farrakhan ti wá kí Abacha ní 1996, ó sì ń gbèjà rẹ̀ kiri. Lẹ́yìn ikú Abacha ni orúkọ náà tún yí padà. Walter Carrington Crescent ni ó ń jẹ́ báyìí.

Ẹni tí kò bá mọ ìtàn lè fi èyí rẹ́rìn-ín, kí ó ní àwọn àgbà ń ṣe bí ọmọdé. Ṣùgbọ́n àwa Yorùbá mọ̀ pé orúkọ lè jẹ́ iṣẹ́. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, àwọn ìlàrí tí Aláàfin máa ń rán jáde, àwọn tí wọ́n fá apá kan orí wọn, kì í ṣe ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń jẹ́ iṣẹ́ ọba. Orúkọ tí ọba fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń sọ ohun tí ó wà nínú ọba, tí ó fi jẹ́ pé bí ìlàrí bá ti dé ẹnu ibodè tí ó dárúkọ ara rẹ̀, ìlú ti fura. Bẹ́ẹ̀ náà ni àrokò. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ ránṣẹ́ sí ènìyàn ń wí fún un pé ọkàn ẹni tí ó fi ránṣẹ́ fà sí i. Oníṣẹ́ tí ó bá já ọ̀kan jù sọ́nà nítorí kí ẹrù lè fúyẹ́ ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Rírán ikọ̀ láti ìlú dé ìlú kì í ṣe ohun tí àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wa. Ojú ẹni tí ó mọ ohun tí à ń pè ní ikọ̀ ni mo sì fi máa ń wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín Amẹ́ríkà àti Nàìjíríà láti 1993 sí 1998.

Bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yìí ni wọ́n fi kọ́ gbogbo wa ní kékeré bí wọ́n bá ń rán wa lọ sí ilé ará àdúgbò. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń fi yé ọmọ ni pé bí ọ̀rọ̀ tí a rán an bá le, kí ó fi omi tútù sí i. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òtítọ́. Ẹrú a máa jẹ́ iṣẹ́ bí wọ́n ṣe kó o lé e lọ́wọ́, nítorí ẹ̀rù ń bà á. Ọmọ ni ó lè dúró lójú ọ̀nà kí ó ronú, kí ó bi ara rẹ̀ pé, bí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde lẹ́nu mi, kí ni yóò sọ ilé wa dà? Òwe náà kò wá sọ ohun tí oníṣẹ́ yóò ṣe bí ẹni tí ó rán an bá ní ọkàn méjì, bóyá nítorí pé àwọn tí ó pa á ń sin ọba kan ṣoṣo. Amẹ́ríkà kò ní ọba kan ṣoṣo. Lórí ọ̀rọ̀ tiwa, Ààrẹ ń sọ̀rọ̀, àwọn aṣòfin ń sọ̀rọ̀, àwọn oní-epo ń sọ tiwọn ní kọ̀rọ̀, àwọn ìgbìmọ̀ ìlú kéékèèké pàápàá ń sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè pa èkejì lẹ́nu mọ́.

Kò yẹ kí n tún máa ro ìtàn ìdìbò ọjọ́ 12, oṣù kẹfà, 1993 fún òǹkàwé Yorùbá. Ohun tí àwọn kan ti gbàgbé ni pé ohùn Amẹ́ríkà ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà kí a tó dìbò rárá. Ilé ẹjọ́ kan ní Àbújá pàṣẹ ní òru ọjọ́ 10 pé kí ìdìbò má wáyé. Òṣìṣẹ́ kan ní ẹ̀ka ìròyìn ìjọba Amẹ́ríkà ní Èkó gbé ọ̀rọ̀ jáde pé ìjọba òun kò ní fara mọ́ ọn bí a bá sún ìdìbò náà síwájú. Ìjọba Babangida ní kí ó kó ẹrù rẹ̀. Ìdìbò wáyé, wọ́n fagi lé e ní ọjọ́ 23. Amẹ́ríkà dá ọ̀pọ̀ ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ dúró. Ní oṣù kẹjọ, wọ́n fi òfin de ọkọ̀ òfurufú láti Èkó sí ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ní ààbò pápákọ̀ náà mẹ́hẹ. Ní oṣù kejìlá, Ààrẹ Clinton kéde pé àwọn tí ó bá ń dí ọ̀nà ìjọba alágbádá ní Nàìjíríà kò ní rí físà gbà. Ní 1994, wọ́n tún kọ orúkọ wa mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí kò ràn wọ́n lọ́wọ́ lórí òògùn olóró. Lójú ìwé, ìyà ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyà wo ni ó jẹ ọ̀gágun tí a ní kí ó má wá ra aṣọ ní New York mọ́, nígbà tí owó epo kò dáwọ́ ìṣàn dúró? Amẹ́ríkà ni ó sì ń ra epo wa jù lọ nígbà náà.

Olùkọ́ ni mí ní Ìbàdàn ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Àbúrò mi ọkùnrin ti wà ní Maryland láti 1986, ó ń wa takisí ní Washington lálẹ́, ó ń kàwé ní ọ̀sán, ó sì ti di ọ̀kan nínú àwọn tí ń gbé páálí kiri iwájú ilé iṣẹ́ Nàìjíríà ní gbogbo ọjọ́ tí kò bá wa ọkọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ dàgbà, tí a jọ jókòó ní kíláàsì kan náà fún ọdún mẹ́fà, ń ṣiṣẹ́ nínú ilé iṣẹ́ epo kan tí àwọn ará Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní Èkó. Mo wà láàárín àwọn méjèèjì. Ọwọ́ arìnrìn-àjò ni àbúrò mi ń fi lẹ́tà rán, nítorí pé àwọn tí ó gba ilé ìfìwéránṣẹ́ kọjá ti máa ń dé pẹ̀lú ètè ṣíṣí. Ní ìparí oṣù kọkànlá, 1995, ó fi ìwé kan rán sí mi. Ẹ̀bẹ̀ ni ìwé náà, sí àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà, pé kí wọ́n má ra epo Nàìjíríà mọ́. Ó fẹ́ kí n fọwọ́ sí i, kí n sì wá olùkọ́ mẹ́wàá tí yóò fọwọ́ sí i pẹ̀lú mi. “Ẹ̀gbọ́n mi,” ni ó kọ sísàlẹ̀, “ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn èèyàn yìí sọ pé àwa tí a ti sá kúrò nílé nìkan là ń pariwo. Ohun tí wọ́n ń sọ fún wa lójoojúmọ́ nìyẹn.”

Oṣù tí ìwé náà dé kì í ṣe oṣù tí ènìyàn lè fi gbàgbé. Ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ni wọ́n so Ken Saro-Wiwa àti àwọn ará Ògóni mẹ́jọ mìíràn rọ̀ ní Port Harcourt. Ní ọjọ́ kejì, àjọ Commonwealth tí ó ń ṣe ìpàdé ní Auckland lé Nàìjíríà sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Amẹ́ríkà pe ikọ̀ rẹ̀ wálé, ó fi òfin de títa ohun ìjà fún wa, ó sì fẹ òfin físà lójú. Ọ̀wọ́ epo là á bá ọmọ aráyé lá, wọn kì í bá ni lá ti ẹ̀jẹ̀: n kò rò pé ẹni tí ó pa òwe náà mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí epo àti ẹ̀jẹ̀ yóò jáde láti inú ilẹ̀ kan náà, tí aráyé yóò máa lá ọ̀kan tí yóò sì máa dárò èkejì.

Mo fi ìwé náà han ọ̀rẹ́ mi nígbà tí ó wá sí Ìbàdàn fún ìsìnkú. Ó kà á, ó sì dá a padà fún mi bí ẹni tí ó di ẹyín iná mú. “Ṣé o mọ ohun tí o fẹ́ ṣe?” ni ó wí. “Àwọn tí ẹ ń bẹ̀ pé kí wọ́n wá nà wá, nígbà tí wọ́n bá gbé pàṣán, ta ni yóò sọ fún wọn pé ó tó?” Mo ní ẹni tí wọ́n ń nà ní Ògóni kò rí ẹni bá a sọ pé ó tó. Ó ní Abacha kò ní sùn lébi, pé àwọn tí ń ta gàárì ní Bódìjà ni ebi yóò pa. Ó tún ní ẹ̀gàn ni kí a gbé ẹjọ́ ilé lọ sí ìta. Gbólóhùn yìí ni ó mú mi lọ́kàn jù, nítorí pé bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ta ni kọ́ ayé láti máa fi epo bá ìjọba búburú wí? Àwa ni. Ní 1979, nígbà tí Ọbásanjọ́ jẹ́ olórí ìjọba ológun, Nàìjíríà gba gbogbo ìpín BP nínú epo wa nítorí ọ̀rọ̀ Gúúsù Áfíríkà àti Rhodesia. Kò sí ẹni tí ó ní ẹ̀gàn ni. Láti ìparí 1976 ni a ti dá àpò owó ìrànlọ́wọ́ sílẹ̀ fún àwọn ará ìhà gúúsù Áfíríkà, tí àwa òṣìṣẹ́ ń dá owó sí i. Nígbà náà, ẹjọ́ ilé Gúúsù Áfíríkà kì í ṣe ẹjọ́ ilé lójú wa. Àwọn dúdú ibẹ̀ ló bẹ̀ wá, a sì dá wọn lóhùn.

Ohun tí àbúrò mi sì ń tọ́ka sí nínú gbogbo lẹ́tà rẹ̀ nìyẹn. Ó rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ ní Washington. Ọdún tí ó dé ibẹ̀ gan-an, 1986, ni ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó fi ìyà jẹ ìjọba aláwọ̀ funfun ní Gúúsù Áfíríkà. Ààrẹ Reagan kò fẹ́ ẹ. Ìlànà tí amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Áfíríkà, Chester Crocker, gbé kalẹ̀ ni pé kí a máa fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá Pretoria sọ̀rọ̀, kí a má ṣe tì wọ́n mọ́ ògiri. Reagan kọ̀ láti fọwọ́ sí òfin náà. Àwọn aṣojú-ṣòfin fi ìbò 313 sí 83 borí rẹ̀, àwọn aṣòfin àgbà fi 78 sí 21. Àwọn tí ó dáná sun ìlànà ohùn pẹ̀lẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ tí ó lọ jókòó sínú ilé iṣẹ́ Gúúsù Áfíríkà ní Washington ní oṣù kọkànlá, 1984, tí wọ́n kọ̀ láti jáde. Randall Robinson, olórí ẹgbẹ́ TransAfrica, wà lára wọn. Ní 1995, Robinson kan náà ni ó gbé ọ̀rọ̀ Nàìjíríà nílẹ̀. Aṣòfin àgbà Nancy Kassebaum àti aṣojú-ṣòfin Donald Payne gbé àbá òfin kalẹ̀ ní oṣù tí Saro-Wiwa kú. Obìnrin aláwọ̀ funfun láti Kansas, nínú ẹgbẹ́ Republican, àti ọkùnrin dúdú láti New Jersey, nínú ẹgbẹ́ Democrat: lójú àbúrò mi, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Kò bùṣe. Àbá náà kò di òfin títí a fi gbàgbé rẹ̀.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Epo ni gbogbo wa kọ́kọ́ ń dárúkọ, epo sì wà níbẹ̀ lóòótọ́: àwọn ilé iṣẹ́ bíi Mobil àti Chevron kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí, àwọn tí ó lòdì sí ìfìyàjẹni sì ń sọ pé bí Amẹ́ríkà kò bá rà á, àwọn ẹlòmíràn yóò rà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi epo nìkan ṣe àlàyé kò tíì sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀. Láti oṣù kẹjọ, 1990 ni àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ti ń kú ní Liberia nínú ECOMOG. Iṣẹ́ tí Amẹ́ríkà kò fẹ́ rán ọmọ tirẹ̀ lọ ṣe ni wọ́n ń ṣe, Washington kò sì fẹ́ kí wọ́n kó padà wálé. Ìdí kẹta ni ó dùn mí jù. Ní Gúúsù Áfíríkà, ẹni tí ń jẹni níyà funfun, ẹni tí ń jìyà dúdú. Ọ̀rọ̀ náà yé ará Alabama láìsí alátùúnsọ. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, dúdú ló ń pa dúdú, àwọn aṣáájú aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà sì pín sí méjì. Robinson àti Payne wà ní apá kan. Farrakhan wà ní apá kejì. Carol Moseley Braun, obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tí ó wọ ilé aṣòfin àgbà wọn, wá kí Abacha ní oṣù kẹjọ, 1996, kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n pa Kudirat. Abacha náà kò sùn. Ó san owó fún àwọn alágbàwí ní Washington kí wọ́n lè máa bá a tún orúkọ rẹ̀ ṣe.

Àwọn ìlú kan kò dúró de Washington. Oakland àti Berkeley ní California ṣe òfin pé ìlú kò ní ra ọjà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tí ó bá ń bá ìjọba Nàìjíríà ṣòwò. Inú àbúrò mi dùn sí èyí ju bí mo ti lè sọ lọ. Ní 2000, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ wọn dá irú òfin bẹ́ẹ̀ tí ìpínlẹ̀ Massachusetts ṣe sí Burma nù, wọ́n ní Washington ni ó ni ẹnu láti bá ilẹ̀ òkèèrè sọ̀rọ̀. Mo mọ ìdí tí àwọn adájọ́ fi sọ bẹ́ẹ̀. Ìlú tí gbogbo agbo ilé bá ń rán ìlàrí tirẹ̀ jáde, ìlú wo ni yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀? Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí àwọn agbo ilé kéékèèké wọ̀nyẹn sọ fún wa tọ́ ju èyí tí ààfin sọ lọ.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ èyí. Kì í ṣe pé a jókòó tẹtẹrẹ tí a ń dúró de àjèjì. Ní oṣù keje, 1994, lẹ́yìn tí wọ́n ti mú Abíọ́lá, àwọn òṣìṣẹ́ epo NUPENG, tí Frank Kokori jẹ́ akọ̀wé wọn, da iṣẹ́ sílẹ̀, PENGASSAN tẹ̀lé wọn. Nǹkan bí oṣù méjì ni a kò fi rí epo rà. Mo ń fi ẹsẹ̀ rìn láti Mọ́kọ́lá lọ sí ibi iṣẹ́, kò sì sí ẹni tí ó ráhùn sí mi létí. Àwọn ọmọ Nàìjíríà fúnra wọn ni ó ti fi òfin de epo Nàìjíríà. Ìjọba tú àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ náà ká, wọ́n ti Kokori mọ́lé títí Abacha fi kú. Nígbà tí mo rántí èyí ni mo mọ ohun tí n ó fi dá ọ̀rẹ́ mi lóhùn. Ẹjọ́ ilé tí a ti pè ní ilé, tí wọ́n fi ìbọn tú ìgbìmọ̀ ká, ìta nìkan ni ó kù fún un.

Mo fọwọ́ sí ìwé náà. N kò gbé e fún olùkọ́ kankan, nítorí ẹ̀rù tí mo lè fi ọrùn ara mi rù, n kò ní gbé e lé ọlọ́mọ márùn-ún lórí. Orúkọ kan ṣoṣo ni ó padà lọ láti Ìbàdàn.

Walter Carrington ni aṣojú Amẹ́ríkà ní gbogbo ìgbà yìí, láti ìparí 1993 títí di 1997. Ọmọ dúdú ni, agbẹjọ́rò ni, Harvard ni ó ti kàwé. Ó ti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Peace Corps ní Sierra Leone, Tunisia àti Senegal, ó sì ti jẹ́ aṣojú ìjọba rẹ̀ ní Senegal kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọmọ Nàìjíríà ni ìyàwó rẹ̀, Arese, dókítà ni. Iṣẹ́ tí Washington rán an, bí mo ti là á sílẹ̀ yìí, iṣẹ́ tútù ni: bá wọn wí, ṣùgbọ́n má ṣe já okùn. Ọkùnrin náà kò fi ohùn tútù jẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá pè é sí ìpàdé, ó ń lọ. Bí ó bá lọ, ó ń sọ pé ìjọba tí ó wà lórí àga kì í ṣe ti àwọn ará ìlú, ó sì ń dárúkọ àwọn tí ó wà lẹ́wọ̀n. Àwọn tí ń sọ̀rọ̀ fún Abacha bú u, wọ́n ní ó ti kọjá àyè ikọ̀. Nígbà tí ó fẹ́ lọ ní oṣù kẹsàn-án, 1997, tí àwọn ẹgbẹ́ tí ń jà fún ìjọba alágbádá ṣe àpèjẹ ìdágbére fún un ní Èkó, àwọn ọlọ́pàá ya wọ ibẹ̀ tìbọntìbọn, wọ́n sì tú àwọn àlejò ká níṣojú rẹ̀. N kò mọ ìlú Yorùbá kankan tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ikọ̀, ì báà jẹ́ ìgbà ogun.

Mo fẹ́ràn Carrington nígbà náà, mo fẹ́ràn rẹ̀ di ọjọ́ tí ó kú ní oṣù kẹjọ, 2020, ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi sọ ohun kan nípa rẹ̀ tí n kò lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ó ní ikọ̀ tí ohùn rẹ̀ bá ga ju ti ẹni tí ó rán an lọ ń ṣi àwọn tí ń gbọ́ ọ lọ́nà. Ní Ìbàdàn, nígbà tí a bá gbọ́ Carrington lórí rédíò, ohun tí à ń wí fún ara wa ni pé Amẹ́ríkà ti sọ̀rọ̀. Kì í ṣe Amẹ́ríkà ni ó sọ̀rọ̀, Carrington ni. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde sí ìgboro nítorí pé wọ́n rò pé ẹni ńlá wà lẹ́yìn wọn. Èsì tí mo fún ọ̀rẹ́ mi ni pé wọn ì bá jáde bẹ́ẹ̀ náà, nítorí pé wọ́n ti jáde ní 1993 kí Carrington tó dé rárá. Òótọ́ ni èsì náà. Síbẹ̀ kò dáhùn ìbéèrè rẹ̀ tán.

Wákàtí tí ọkàn méjì náà hàn gbangba ni oṣù kẹta, 1998. Abacha ti ṣètò ẹgbẹ́ òṣèlú márùn-ún, èyí tí Olóyè Bọ́lá Ìgè fi wé ìka ọwọ́ adẹ́tẹ̀, ọwọ́ gbogbo wọn sì ń tọ́ka sí i pé òun nìkan ni àwọn fẹ́. Susan Rice, tí ó di ipò tí Crocker dì nígbà kan mú, sọ fún àwọn aṣòfin ní Washington pé bí ológun kankan bá borí nínú irú ìdìbò bẹ́ẹ̀, Amẹ́ríkà kò ní tẹ́wọ́ gbà á. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Clinton fúnra rẹ̀ dúró ní Cape Town, ní ẹ̀gbẹ́ Mandela, tí ó fi yé àwọn oníròyìn pé bí Abacha bá fẹ́ du ipò, ìrètí òun ni pé yóò bọ́ aṣọ ológun kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ìránṣẹ́ ní rárá, ọ̀gá ní bóyá. Ní Àbújá, wọ́n gbọ́ bóyá.

Abacha kú ní ọjọ́ 8, oṣù kẹfà. Ní ọjọ́ 7, oṣù keje, Thomas Pickering, tí ó ti ṣe aṣojú Amẹ́ríkà níbí láti 1981 sí 1983, àti Susan Rice jókòó pẹ̀lú Abíọ́lá ní Àbújá. Ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wú u. Wọ́n fún un ní tíì. Ara rẹ̀ kò balẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ó sì kú. Àwọn onímọ̀ láti Amẹ́ríkà, Kánádà àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹ òkú rẹ̀ wò, wọ́n ní àìsàn ọkàn tí ó ti wà lára rẹ̀ tipẹ́ ni. Rice kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 2019 pé òun ni òun bu tíì náà fún un.

Títí di òní, bí o bá dé abẹ́ igi tí àwọn àgbà ti ń ta ayò ní Ìbàdàn, tíì náà ni wọ́n ń mu. Mo gba àbọ̀ àwọn dókítà gbọ́. Ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn, tí wọ́n tì mọ́ ojú kan fún ọdún mẹ́rin, kò nílò májèlé. Ṣùgbọ́n n kì í bá àwọn tí ń sọ ọ̀rọ̀ tíì jà, nítorí mo mọ ibi tí ó ti wá. Kò sí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ tí ikọ̀ náà wá jẹ́. Ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ni Kofi Annan ti bá Abíọ́lá sọ̀rọ̀ tí ó sì jáde wá sọ pé kò ní takú lórí ìjọba tí a dìbò fún un. Ìdìbò tuntun sì ni ọ̀rọ̀ tí ń jáde láti Washington ní oṣù náà. Ṣé wọ́n wá tú u sílẹ̀ ni, àbí wọ́n wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi í sílẹ̀? Nígbà tí a kò bá mọ iṣẹ́ tí a rán oníṣẹ́, ohun gbogbo tí ó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni a ó máa kà bí àrokò. Ife tíì ni àwọn ará ìlú rí, ife tíì ni wọ́n kà.

Àbúrò mi fóònù ní alẹ́ ọjọ́ náà sí ilé aládùúgbò wa tí ó ní tẹlifóònù. Táyà ń jó ní Mọ́kọ́lá, a ń gbóòórùn rẹ̀ nínú yàrá. Kò béèrè tíì. “Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni wọ́n wá sọ fún un?” Mo ní n kò mọ̀. Ó ní òun tí òun wà ní Washington náà kò mọ̀.

Ní oṣù kejìlá, 1999, Amẹ́ríkà gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin ọkọ̀ òfurufú. Clinton wá sí Àbújá ní oṣù kẹjọ, 2000, wọ́n jó fún un. Ní ìparí ọdún náà ni àbúrò mi wálé fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́rìnlá. Ó mú ẹ̀dà ìwé ẹ̀bẹ̀ wa bọ̀, pẹ̀lú orúkọ gbogbo àwọn tí ó fọwọ́ sí i, ó sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí tábìlì fún ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀rẹ́ mi fi awò ojú rẹ̀ kọ́ etí, ó ka á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó rí orúkọ mi, ó sì fọwọ́ lé e.

“Ṣé o rí i,” ni ó wí fún mi, “kò sí ibì kan nínú rẹ̀ tí ẹ ti sọ ìgbà tí kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í rà á.”

Àbúrò mi fa àga súnmọ́ tòsí. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún yín,” ni ó wí, ìyàwó mi sì lọ gbé oúnjẹ sórí iná.